Ìlà 12 Nínú Mílíọ̀nù 10

Ìbéèrè tó ń falẹ̀ fún gbogbo ènìyàn kì í dá ìjà sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Gbogbo ojú ló rí i. Ẹni tó kọ kóòdù àti ẹni tó ń tọ́jú dátábéèsì á jọ jókòó tì í títí yóò fi yára. Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni ìbéèrè tó ń yára kíákíá fún ẹnì kan, tó sì ń wọ́lẹ̀ fún ẹlòmíràn, nínú kóòdù kan náà, lórí sáfà kan náà, láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Ẹni tó kọ ọ́ á búra pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹni tó ń lò ó á búra pé òun ò rí i lò. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, àárín òtítọ́ méjèèjì yẹn sì ni mo ti ń jẹun láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ọ̀kan nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo bá pàdé ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gbowó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí oníṣòwò máa ń ṣí láti wo owó 20 tó wọlé fún un kẹ́yìn. PostgreSQL ni dátábéèsì wọn. Ìbéèrè tó wà lẹ́yìn ojú ewé náà kò gùn rárá: mú àwọn owó tó jẹ́ ti oníṣòwò yìí, tò wọ́n kí tuntun ṣíwájú, fún mi ní 20 péré. Àwọn ilé ìtajà ńlá ṣí i, ó jáde lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ obìnrin kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀, tí kò tíì rí oníbàárà púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣí tirẹ̀, ó ń yí, ó ń yí, títí ojú ewé náà fi sọ fún un pé àkókò ti kọjá. Bó bá tún un ṣí, nígbà mìíràn á jáde kíá. Nígbà mìíràn, kò ní jáde rárá.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti dán an wò, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan." Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ kóòdù náà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo ní kó fi bó ṣe dán an wò hàn mí. Ó kọ nọ́ńbà oníṣòwò náà sínú ìbéèrè gan-an, ó tẹ̀ ẹ́, èsì jáde. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dán wò yàtọ̀ sí ohun tí áàpù ń ṣe. Áàpù kì í kọ nọ́ńbà sínú ìbéèrè. Ó ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ pẹ̀lú àlàfo kan tí a máa ń kọ ní $1, á wá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ẹni tó bá kọ SQL ń sọ ohun tó ń fẹ́ ni, kì í sọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà wá a. Olùṣètò, ìyẹn apá dátábéèsì tó ń yan ọ̀nà, ló ni iṣẹ́ yẹn. Patricia Selinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM ló la ọ̀nà náà sílẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1979 lórí dátábéèsì tí wọ́n ń pè ní System R: wo àwọn ọ̀nà tó ṣeé gbà, ṣírò iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ná ọ, mú èyí tó dínwó jù. PostgreSQL ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ka àwọn ojú ewé tó tẹ̀ léra wọn lórí dísìkì, 1 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ní láti fò lọ ka ojú ewé tó wà níbòmíràn, 4 ni. Ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá yẹ̀ wò nínú téèbù jẹ́ 0.01. Àwọn iye yìí kò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kankan. Olùṣètò kàn ń fi wọ́n wọn ọ̀nà kan wò mọ́ èkejì ni.

Fún ìbéèrè ìyá oníìlẹ̀kẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀. Index kan, ìyẹn àtòjọ tí a fi ń wá ìlà láì ka gbogbo téèbù, wà lórí nọ́ńbà oníṣòwò: a lè gba ibẹ̀ kó gbogbo owó rẹ̀ jọ, ká tò ó, ká mú 20. Index mìíràn wà lórí ọjọ́: a lè bẹ̀rẹ̀ láti òní, ká máa rìn padà sẹ́yìn, ká máa wo owó kọ̀ọ̀kan bóyá tirẹ̀ ni, títí a ó fi rí 20. Fún ilé ìtajà tó ni ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá gbogbo owó tó ń wọlé, ọ̀nà ọjọ́ ló dára jù, nítorí bí a bá ti wo nǹkan bí ìlà 50, 20 ti pé. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀nà nọ́ńbà rẹ̀ ni.

Mo ti yí iye wọn sí èyí tó rọrùn láti kà. Ká ní téèbù náà ní ìlà mílíọ̀nù 10, kí àwọn oníṣòwò sì jẹ́ 2,000. Bí olùṣètò kò bá mọ ẹni tó ń béèrè, kò sí ohun tó lè ṣe ju kó pín in dọ́gba lọ: 5,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ń wá 20 nínú 5,000, ìyẹn ọ̀kan nínú 250. Nítorí náà, ó gbà pé bí òun bá rin ọ̀nà ọjọ́, òun yóò ti rí 20 kí òun tó kọjá ìlà 40,000, nítorí ó tún gbà pé owó ẹnì kọ̀ọ̀kan fọ́n káàkiri láti ìbẹ̀rẹ̀ téèbù dé òpin rẹ̀. Ó wá fi èyí wé kíkó ìlà 5,000 jọ láti ibi gbogbo lórí dísìkì, tí fífò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4. Ọ̀nà ọjọ́ borí. Mo ti tún ìṣirò yìí ṣe lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú bírò àti ìwé, n kò rí àléébù kankan nínú rẹ̀.

Ìyá oníìlẹ̀kẹ̀ ní ìlà 12 nínú téèbù náà. Bí a bá gba ọ̀nà ọjọ́ fún un, 20 la ń wá lọ́dọ̀ ẹni tó ní 12. Kò lè pé láéláé. Dátábéèsì kò sì mọ̀ pé kò lè pé, nítorí náà yóò rìn láti òní padà dé ọjọ́ tí wọ́n dá téèbù náà sílẹ̀, yóò yẹ mílíọ̀nù 10 wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó kó ìlà 12 lé e lọ́wọ́. Bí a bá gba ọ̀nà nọ́ńbà rẹ̀, ìlà 12 yẹn nìkan la ó kà. Ẹni tó ní owó kékeré jù lọ́wọ́ wa ló ń jẹ ìyà tó pọ̀ jù, kì í sì í ṣe nítorí pé ẹnì kan kórìíra rẹ̀. Wọ́n kàn gbé ètò kalẹ̀ fún ẹnì kan tí kò sí, ẹni tó ní ìlà 5,000 géérégé, wọ́n wá ní kí gbogbo ayé máa gba ibẹ̀ kọjá.

Kí ló dé tí olùṣètò kò fi mọ ẹni tó ń béèrè, nígbà tí wọ́n fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́? Nítorí pé ó ti pinnu tẹ́lẹ̀. Ríronú lórí ọ̀nà ń gba àkókò. Nígbà tí ìbéèrè bá so téèbù mẹ́wàá pọ̀, iye ọ̀nà tó ní láti gbé yẹ̀ wò pọ̀ débi pé ríronú lè gba àkókò ju ṣíṣe lọ. Ìbéèrè kékeré pàápàá, bó bá ń wáyé ní ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìrònú orí rẹ̀ á di ẹrù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú ètò tí wọ́n ti ṣe sínú àpò ìpamọ́ tí gbogbo wa ń pè ní cache. System R ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn: ó ń ṣètò àwọn ìbéèrè tó wà nínú ètò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kí wọ́n tó lò wọ́n, bí index tí ọ̀kan gbára lé bá sì kúrò, á tún un ṣe.

PostgreSQL pẹ́ kó tó bá wọn débẹ̀. Kí ẹ̀dà 8.3 tó jáde ní 2008, ètò tí fọ́nṣọ̀n tí a kọ ní PL/pgSQL, èdè tí a fi ń kọ kóòdù sínú PostgreSQL, bá fi pamọ́ kì í mọ̀ bí téèbù tó gbára lé bá ti lọ. Ẹni tó bá pa téèbù onígbà díẹ̀ rẹ́, tó tún un dá pẹ̀lú orúkọ kan náà, á rí i pé fọ́nṣọ̀n náà ń wá èyí tó ti kú. Ẹ̀dà 8.3 mú ìyẹn kúrò. Ṣùgbọ́n títí dé ẹ̀dà 9.1, ìbéèrè tó ní àlàfo bíi $1, tí a bá ti pèsè sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, ètò kan ṣoṣo ni yóò máa lò fún gbogbo ènìyàn. Tom Lane ló tún apá yìí kọ fún ẹ̀dà 9.2, tó jáde ní 2012, òfin tó gbé kalẹ̀ nígbà náà ló sì ń darí wa títí di òní.

Láti ìgbà náà, ètò oríṣi méjì ló wà. Ètò àdáni ni èyí tí olùṣètò ṣe lẹ́yìn tó ti mọ nọ́ńbà tó wà nínú $1, bí ìgbà tí télọ̀ wọn ara ènìyàn kó tó gé aṣọ. Ètò gbogbogbò ni èyí tó rán sílẹ̀ sí ìwọ̀n kan de ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Ìgbà márùn-ún àkọ́kọ́ tí a bá lo ìbéèrè náà, àdáni ni yóò ṣe, yóò sì máa ṣàkọsílẹ̀ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Nígbà kẹfà, yóò ṣe ètò gbogbogbò kan, yóò fi iye rẹ̀ wé ìpíndọ́gba iye àwọn àdáni. Bí ti gbogbogbò bá kéré jù, òun ni yóò mú, kò sì ní ronú mọ́. Bí kò bá kéré jù, yóò máa bá àdáni lọ. Kó má baà dà bíi pé ọ̀fẹ́ ni ìrònú, ó ń bu nǹkan kan lé iye àdáni kọ̀ọ̀kan: 1,000 lọ́nà cpu_operator_cost, tó jẹ́ 0.0025, lọ́nà iye téèbù tó wà nínú ètò pẹ̀lú ọ̀kan. Fún téèbù kan, 2.5 lọ́nà 2 ni, ìyẹn 5. Inú kóòdù PostgreSQL fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìdíwọ̀n tí kò péye ni èyí, pé ìrònú lórí síso téèbù pọ̀ ń yára di púpọ̀ ju bí ìṣirò yìí ṣe sọ lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gbangba.

Ẹ wá wo ohun tí 5 yìí lè ṣe. Ká ní oníṣòwò márùn-ún tó kọ́kọ́ gba orí ìsopọ̀ kan láàárín áàpù àti dátábéèsì wọlé jẹ́ àwọn tí owó wọn tó 5,000 gẹ́lẹ́. Ètò àdáni wọn àti ètò gbogbogbò á jẹ́ ọ̀nà kan náà, ní iye kan náà, àfi 5 tí wọ́n bù lé àdáni. Gbogbogbò fi 5 borí. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá gba ìsopọ̀ yẹn wọlé, ọ̀nà ọjọ́ ni, ìbáà ní ìlà 12, ìbáà ní mílíọ̀nù 4. Bó bá jẹ́ pé àwọn ẹni kékeré bí ìyá oníìlẹ̀kẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ńkọ́? Àdáni tiwọn dínwó púpọ̀, gbogbogbò kò ní lè bá a dọ́gba, àdáni ni yóò máa lò nìṣó. Bó bá jẹ́ àwọn ńlá ló ṣáájú, bákan náà ni. Àwọn tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni kékeré nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn oníṣòwò àárín, àwọn tí ojú ewé tiwọn ń ṣí dáadáa, tí kò ní ẹ̀sùn kankan, tí kò sì sí ẹni tó ń wò wọ́n nígbà tí a bá ń wá ohun tó bàjẹ́.

Ìdí tó fi ń jáde kíá nígbà mìíràn tún wà níbẹ̀. PostgreSQL kì í pín àpò ìpamọ́ yìí láàárín ìsopọ̀ kan àti òmíràn. Ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, pẹ̀lú ẹni márùn-ún àkọ́kọ́ tirẹ̀. Áàpù wọn di ọ̀pọ̀ ìsopọ̀ mú, ó ń yọ èyí tó bá ṣófo fún ẹni tó bá dé. Bí ìyá oníìlẹ̀kẹ̀ bá bọ́ sórí ìsopọ̀ tí àwọn kékeré kọ́kọ́ lò láàárọ̀, ó bọ́ sí i. Bó bá bọ́ sórí èyí tí àwọn ará àárín ti lò, ó parí. Àwọn tó ń fi Java kọ áàpù tún ní ìdádúró mìíràn: dráfà PostgreSQL fún Java kì í pèsè ìbéèrè sílẹ̀ lórí sáfà títí yóò fi di ìgbà karùn-ún tí wọ́n bá lò ó, márùn-ún ti olùṣètò ló sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìgbà kẹwàá ni ọ̀rọ̀ tó lè yíwọ́. Ẹni tó bá dán áàpù rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kò ní rí i láéláé.

Mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí psql, kó fi PREPARE pèsè ìbéèrè náà pẹ̀lú $1, kó wá fi EXPLAIN ANALYZE EXECUTE lò ó fún oníṣòwò àárín kan. Nígbà àkọ́kọ́, nọ́ńbà oníṣòwò náà fúnra rẹ̀ ló hàn lójú ìlà Filter nínú ètò tó jáde. Nígbà kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni, títí dé ìgbà karùn-ún. Nígbà kẹfà, nọ́ńbà ti kúrò, $1 ló wà níbẹ̀. Ọ̀nà kò yí padà, àkókò kò yí padà; ẹni tí kò bá wo ojú ìlà yẹn kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, $1 rèé."

"Ó dáa. Fi nọ́ńbà ìyá oníìlẹ̀kẹ̀ sí i báyìí."

Ó fi sí i, ó tẹ̀ ẹ́. A jókòó, a ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó jáde, ibi tí PostgreSQL ti ń kọ iye ìlà tó yẹ̀ wò tó sì dà nù, Rows Removed by Filter, gbogbo téèbù ló kà síbẹ̀, ó yọ 12. Kò bá mi jiyàn mọ́. Ó tún nọ́ńbà náà kọ sínú ìbéèrè bó ṣe ṣe tẹ́lẹ̀, ó fi èsì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ń kà wọ́n láti òkè délẹ̀. Irú ìgbà báyìí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí, nígbà tí ẹni tó ń bá ọ jà bá dákẹ́ nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti rí i.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé báyìí, ẹnì kan á sáré wá pé ká ṣe ANALYZE kí olùṣètò lè mọ téèbù dáadáa. Kò ràn án. ANALYZE ń mú ìlà 30,000 wò bí a kò bá yí nǹkan kan padà, ó sì lè tọ́jú 100 nínú àwọn iye tó wọ́pọ̀ jù. Ètò gbogbogbò kò lè wo inú àkójọ yẹn láti mọ ti ìyá oníìlẹ̀kẹ̀, nítorí kò mọ nọ́ńbà tó yẹ kó wá níbẹ̀. O lè fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ fún un, bí kò bá ti mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ìpíndọ́gba ni yóò máa lò.

Ẹlòmíràn á ní ká pa cache náà pátápátá. Láti ẹ̀dà 12 ní 2019, ó rọrùn: plan_cache_mode wà, bí a bá sì fi sí force_custom_plan, ètò àdáni ni gbogbo ìbéèrè yóò máa rí gbà. Kí ó tó dé, ńṣe ni a máa ń ṣe é ní ọ̀nà ẹ̀bùrú: ẹni tó ń lo PL/pgSQL á kọ ìbéèrè bí ọ̀rọ̀ lásán, á fi EXECUTE pè é, kí olùṣètò lè tún un rò lákọ̀tun, ẹni tó ń lo Java á fi prepareThreshold sí 0. Mo lo plan_cache_mode níbí pẹ̀lú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi ALTER ROLE sí i fún orúkọ tí ojú ewé yẹn nìkan ń fi wọlé, kí àwọn oníṣòwò kékeré lè rí owó wọn wò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n n kò gbà kí wọ́n fi sí orí gbogbo sáfà, mo sì bá àwọn tó fẹ́ bẹ́ẹ̀ jiyàn gan-an. Ìbéèrè tó ń wá owó kan pẹ̀lú nọ́ńbà owó náà, èyí tí áàpù ń bi ní gbogbo ìgbà tán-án-tán, ètò kan ṣoṣo ló ní, ẹnikẹ́ni tó bá bi í. Kí ni a fẹ́ kó máa rò lákọ̀tun? Bí a bá pa cache fún un, a kàn ń sun iná mànàmáná ni. Wọ́n á yọ ìyà kúrò lórí ìyá oníìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á pín in fún gbogbo ìlú.

Àtúnṣe gidi ni pé ká mú ìdí tí ètò fi ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn kúrò. Index kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà oníṣòwò, tí ọjọ́ tẹ̀ lé e, ló ṣe é. Pẹ̀lú rẹ̀, dátábéèsì á lọ tààrà síbi ti oníṣòwò náà, á bẹ̀rẹ̀ láti orí tuntun, á ka 20, á dúró. Bó bá jẹ́ 12 ló wà, á ka 12, á dúró, nítorí nọ́ńbà ẹlòmíràn ló kàn. Ilé ìtajà ńlá, oníṣòwò àárín, ìyá oníìlẹ̀kẹ̀, kò sí ẹni tí a ó ka ju ìlà 20 fún. Ètò àdáni àti ètò gbogbogbò wá di ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Gbogbogbò ṣì ń fi 5 borí, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó yẹ kó borí.

CREATE INDEX CONCURRENTLY la fi ṣe é, kí owó lè máa wọlé bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ó pẹ́ ju CREATE INDEX lásán lọ, kò sì ṣeé ṣe nínú tránsáṣọ̀n. Bó bá já sí kòtò lójú ọ̀nà, á fi index tí kò wúlò sílẹ̀ tí ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ rántí pa rẹ́. Nígbà tó parí, a yọ index àtijọ́ tó wà lórí nọ́ńbà oníṣòwò nìkan, nítorí tuntun ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò sì dára kí owó tuntun kọ̀ọ̀kan máa kọ ara rẹ̀ sí ibi tí kò pọn dandan. Kò sí ẹni tó tún áàpù bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ̀dà 8.3 ti ṣe láti 2008 ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀: bí index tuntun bá ti dé, ìròyìn á dé ọ̀dọ̀ gbogbo ìsopọ̀ pé ètò tó wà nínú àpò wọn ti gbó. Lẹ́yìn èyí ni mo yọ force_custom_plan kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé láti yọ ọ́, á wá di àṣà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀ mọ́.

Gbogbo ibi kọ́ ni irú index bẹ́ẹ̀ ti ń gbà wá. Ìbéèrè ìròyìn tó so ọ̀pọ̀ téèbù pọ̀, tí ọjọ́ kan tàbí ọdún kan lè wà nínú $1, ètò méjèèjì kò lè jọra láéláé, bẹ́ẹ̀ ṣíṣe rẹ̀ pẹ́ tó fi jẹ́ pé ìrònú kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Àdáni ni kí a fún irú rẹ̀, ká má wulẹ̀ jiyàn. Téèbù tí a pín sí oṣooṣù tún ní tirẹ̀. Láti ẹ̀dà 11 ní 2018, ètò gbogbogbò lè fo àwọn oṣù tí kò kàn án nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ gbogbo oṣù kó tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó fẹ́ lò àtèyí tí kò fẹ́ lò. Àwọn tó ń kọ PostgreSQL gbé àtúnṣe rẹ̀ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, wọ́n sì yọ ọ́ jáde kí ẹ̀dà 18 tó dé, nítorí pé kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Àpò ìpamọ́ tó ń fi nǹkan tí kò tọ́ jáde burú ju èyí tó ń falẹ̀ lọ.

Àwọn Oracle àti SQL Server kò bọ́ nínú rẹ̀. Oracle 9i máa ń yọjú wo nọ́ńbà ẹni àkọ́kọ́, á fi ètò rẹ̀ ṣe ti gbogbo ènìyàn, títí ẹ̀dà 11g fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ètò ju ẹyọ kan lọ fún ìbéèrè kan. SQL Server kò ní irú rẹ̀ títí dé ẹ̀dà 2022. Ìṣòro kan náà ni gbogbo wọn ń bá yí. Wọ́n ń fi ìpinnu pamọ́, wọ́n kì í sì í fi ìdí ìpinnu náà pamọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí a fi ń rí ìṣòro yìí ti rọrùn sí i ju ti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ. Láti ẹ̀dà 13, pg_stat_statements lè ya àkókò ìrònú sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò ṣíṣe, bí a bá tan track_planning, nítorí pípa ni wọ́n ń gbé e wá. Láti ẹ̀dà 14, pg_prepared_statements ń sọ iye ìgbà tí ìsopọ̀ tí o wà lórí rẹ̀ lo ètò gbogbogbò àti iye ìgbà tó lo àdáni. Láti ẹ̀dà 16, EXPLAIN lè fi ètò gbogbogbò hàn ọ́ láìjẹ́ pé o kọ́kọ́ lo ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹni tó bá ń fi PgBouncer pín ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù: láti ẹ̀dà 1.21 ní 2023 ló ti lè gbé ìbéèrè tí a pèsè sílẹ̀ lọ bọ̀ bí a tilẹ̀ ń pín ìsopọ̀ ní tránsáṣọ̀n kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tí kò pàdé ìṣòro yìí rí lè gbé ẹ̀dà tuntun wọlé lónìí kó bá a pàdé lọ́la.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí ẹ̀sùn bá wá láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kékeré pé ojú ewé kò ṣí, ẹ má fi nọ́ńbà oníbàárà tí ẹ ti há sórí dán an wò, nítorí ńlá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́. Ẹ béèrè nọ́ńbà ẹni tó fẹjọ́ sùn gan-an. Ẹ lo PREPARE, ẹ lò ó dé ìgbà kẹfà pẹ̀lú oníbàárà àárín, kí ẹ tó fi tirẹ̀ sí i, kí ẹ sì ka iye ìlà tí dátábéèsì dà nù kó tó rí tirẹ̀.